Pásítọ̀ ní kí n fa ìwé náà ya, bàbá ọmọ ní kí n buwọ́ lù ú

Ìyá kan láti Kubwa, ní Àbújá níbí, ló béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kàwé ní iléèwé rẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn máa fi fíìmù The Golden Compass hàn wọ́n, lẹ́yìn náà kí òbí ra ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, kí àwọn ọmọ máa kà á nígbà ọlidé. Wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan pé kí a buwọ́ lù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí pé ẹni tó kọ ìtàn yìí kò gba Ọlọ́run gbọ́, pé torí kó lè yọ Ọlọ́run kúrò lọ́kàn ọmọdé ló ṣe kọ ọ́. Mo fi han pásítọ̀ wa, wọ́n ní kí n fa ìwé náà ya. Bàbá ọmọ ní kò sẹ́ni tó máa fa nǹkan kan ya, òun ló ń san owó iléèwé, kí n buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ Sunday, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" nìkan la ń bá ara wa sọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi. Mo ti gbọ́ ìwàásù.

* * *

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kò ní wàásù. Nígbà tí àwo fíìmù ṣì ń tà, yíyá fíìmù ni mo fi ń jẹun ní Nyanya, ibẹ̀ ni mo ti mọ fíìmù yìí. Ó máa ń wà lórí àwo ayédèrú tí wọ́n kó fíìmù mẹ́jọ pọ̀ sí, tí wọ́n ya béárì funfun tó wọ ẹ̀wù irin sára páálí rẹ̀, tí wọ́n á sì ti ṣi orúkọ fíìmù méjì kọ nínú mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá ìwé rẹ̀ kà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé sórí WhatsApp yín yẹn ti dàgbà ju ọmọ yín lọ. Láti ìparí 2007 tí fíìmù náà jáde ló ti ń kiri. Ímeèlì ni wọ́n fi ń tàn án kálẹ̀ nígbà náà. Kì í sì í ṣe irọ́ gbuu. Philip Pullman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé náà, kò fi í pamọ́ pé òun kì í ṣe onígbàgbọ́. Ìwé mẹ́ta ló kọ tẹ̀ léra, ní 1995, 1997 àti 2000. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi ṣe fíìmù tí a ń wí yìí.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lyra, ní ayé kan tí ẹ̀mí ẹ̀dá kì í gbé inú ara. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri ní àwọ̀ ẹranko. Ti ọmọdé máa ń yí padà, ó lè jẹ́ ẹyẹ láàárọ̀ kó di ológbò lọ́sàn-án. Bí ọmọ bá ti bàlágà, ẹ̀mí rẹ̀ á mú àwọ̀ kan ṣoṣo, kò ní yí mọ́. Àwọn alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Magisterium wá ń jí ọmọ gbé lọ sí ilẹ̀ yìnyín láti lọ gé wọn kúrò lára ẹ̀mí wọn yìí. Lyra gbéra ó lọ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, béárì àti àwọn àjẹ́ sì ràn án lọ́wọ́.

Nínú ìwé, Pullman kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ṣọ́ọ̀ṣì ni Magisterium. Nínú fíìmù, ẹ lè wò ó tán láìgbọ́ kí ẹnì kankan pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Chris Weitz tó darí rẹ̀ ti sọ ṣáájú pé òun máa dín ibẹ̀ kù. Ó dín in kù débi pé National Secular Society, ẹgbẹ́ àwọn aláìgbẹ́sìn ní Ìlú Ọba tí Pullman wà lára àwọn ẹni ọlá wọn, bínú pé wọ́n ti yọ ohun tí ìwé náà dá lé kúrò.

Kí ló wá dé tí Catholic League, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà, fi ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó, ní October 2007? Ẹ gbọ́ àlàyé tí àwọn fúnra wọn ṣe. Wọ́n ní fíìmù náà kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ tó bá gbádùn rẹ̀ yóò ní kí wọ́n ra ìwé fún òun ní Kérésìmesì. Fíìmù ni ìjẹ, ìwé ni ìwọ̀. Màmá, ẹ padà wo ìwé pélébé tí iléèwé fún yín. Nǹkan méjì ni wọ́n ní kí ẹ buwọ́ lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

* * *

Àwọn òǹkàwé dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n kan láti Lugbe kọ̀wé pé, "Ohun tí àwọn àgbà ìjọ bá ti ní kò dáa, kí la tún ń wá lọ síbẹ̀?" Ọ̀pọ̀ ló ti bá wọn ṣe àmín.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àgbà ìjọ wo? Ẹ̀ka tó ń yẹ fíìmù wò fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ sọ ohun rere nípa rẹ̀; nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yọ ohun tí wọ́n kọ kúrò ní December 2007. Ìwé ìròyìn Vatican bẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà lóṣù yẹn kan náà. Ẹ̀yin Áńgílíkà ńkọ́? Rowan Williams, tó jẹ́ Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, jókòó bá Pullman sọ̀rọ̀ ní gbangba ní London ní 2004, nígbà tí wọ́n ń fi ìtàn yìí ṣeré lórí ìtàgé. Ó ní ó yẹ kí tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìsìn lè bá wọn tú ohun tó wà nínú rẹ̀ palẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọ o. Ẹni tó ní òun ń tẹ̀ lé àgbà ìjọ, kó kọ́kọ́ sọ èyí tó ń tẹ̀ lé.

* * *

"Àjẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó parí."

Ẹni tó kọ èyí kò fi nǹkan kan kún un. N kò sì fẹ́ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe lókè yìí. Òótọ́ ni, àwọn àjẹ́ wà níbẹ̀, Serafina Pekkala lorúkọ ọbabìnrin wọn, èèyàn dáadáa ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó pariwo jù, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló dùn wọ́n, àjẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Tiwa yàtọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ wa ti wá. Ẹranko tó ń rìn tẹ̀ lé èèyàn, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá ṣe ẹranko ló ṣe olúwa rẹ̀, ẹ sọ ọ́ létí ìyá yín ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin kẹ́ẹ wo ohun tí wọ́n máa pè é. Kí ọmọ wá bi yín nídìí oúnjẹ pé, "Mọ́mì, ṣé àjẹ́ tó dáa náà wà?" Ìbéèrè yẹn le ju ti Magisterium lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti oníbàárà mi kan. Díákónéẹ̀sì ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Kì í fọwọ́ kan fíìmù òyìnbó tí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ oṣó. Á ní, "Mi ò lè gbé e wọlé, wọ́n á tẹ̀ lé mi délé ni." Kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, á ti kó fíìmù Yorùbá dání. Lára páálí èyí, ẹyẹ funfun bà lórí òrùlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Lára tòmíràn, babaláwo wọ aṣọ pupa, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú igbá. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, Mọ́mì, èyí ńkọ́? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ńkọ́ kẹ̀? Ṣebí pásítọ̀ ló máa ń ṣẹ́gun níparí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn mọ ohun tó ń wí ju ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń jiyàn níbí lọ. Kì í ṣe oògùn ló ń wò, ẹni tó borí ló ń wò. Ìdí nìyí tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún fíìmù Narnia ní 2005. Àjẹ́ wà níbẹ̀, ẹranko ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni C. S. Lewis tó kọ ọ́, kìnnìún inú rẹ̀ sì kú, ó jíǹde. Nínú ìtàn Pullman, àwọn tó jọ àlùfáà ló ń pàdánù. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti bínú.

* * *

Ààfáà kan láti Mararaba ní, "Wàhálà ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì nìyí, kò kan Mùsùlùmí."

Ààfáà, ẹ má bínú, ó kàn yín. Nínú ìwé kẹta, áńgẹ́lì arúgbó kan wà tó ti ń purọ́ látayébáyé pé òun lòun dá ayé, òun sì ni àwọn èèyàn ń sìn bí Ọlọ́run. Ó ti gbó débi pé nígbà tí àwọn ọmọ méjì ṣí ohun dídán tí wọ́n gbé e sí nínú, atẹ́gùn lásán ló tú u ká. Ẹ ka ojú ìwé yẹn fún ọmọ àsáláátù, kẹ́ẹ wá wo ojú bàbá rẹ̀. Kò sí nínú fíìmù o, torí wọn kò ṣe fíìmù ìwé kejì àti ìkẹta nígbà náà. Ṣùgbọ́n BBC àti HBO ti fi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe eré onípele láti 2019 sí 2022. Ọmọ tó bá fẹ́ràn èyí tí wọ́n wò níléèwé, ibẹ̀ ló máa yà sí tó bá dé ìdí fóònù.

Ẹlòmíràn ní kí ìjọba kúkú fòfin dè é, ká sinmi. Òótọ́ ni pé Àbújá níbí ni àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba àpapọ̀ wà, òfin 1993 ló gbé e kalẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wá òfin kó wo Kano. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Ṣàríà kalẹ̀, wọ́n dá àjọ ayẹfíìmù tiwọn sílẹ̀ ní 2001. Ní 2007, ọdún tí ariwo fíìmù òyìnbó yìí ń lọ, fídíò ìtìjú kan jáde, ìjọba sì dá iṣẹ́ fíìmù Hausa dúró fún oṣù mẹ́fà. Ọdún yẹn náà ni gómìnà wọn dáná sun ìwé ìtàn ìfẹ́ èdè Hausa níléèwé àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀fà, ń ta fíìmù ní Kofar Wambai nígbà náà. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣíwọ́ wíwò. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń mú un, iye tí wọ́n ń rà á ló gbówó lórí.

Catholic League kò lè ti ilé sinimá kankan pa. Wọ́n bẹ àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó tán. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ gbọ́, ẹni tí kò fẹ́ wọlé lọ wò ó. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Kano lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbà pẹ̀lú wọn.

* * *

"Ẹ̀bẹ̀ yẹn náà ló pa fíìmù ọ̀hún, ẹ ò rí i pé wọn ò ṣe apá kejì?" Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin kan láti Karu wí.

Ó pa á lápá kan. Owó tí wọ́n ná sí fíìmù náà tó mílíọ̀nù 180 dọ́là. Ní Amẹ́ríkà, bíi mílíọ̀nù 70 péré ló pa. Lókè òkun, ó pa ju mílíọ̀nù 300 lọ, ṣùgbọ́n New Line tó ṣe é ti ta ẹ̀tọ́ òkè òkun fún àwọn ẹlòmíràn kó tó jáde, kò rí púpọ̀ nínú owó yẹn. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2008, wọ́n ti kó New Line sábẹ́ Warner Bros. Fíìmù náà gba Oscar ọdún yẹn fún àrà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá. Kò sì jọ mí lójú pé apá kejì kò wáyé. Ẹni tó kó owó tó tóyẹn sínú ọjà, tí ẹlòmíràn ń jẹ èrè rẹ̀, kò nílò kí bíṣọ́ọ̀bù kankan lé e kúrò nídìí ẹ̀.

* * *

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Gwarinpa bi wá pé, kí ló dé tí iléèwé Àbújá kò fi fún ọmọ Yorùbá ní ìwé Fágúnwà, dípò tí wọ́n á fi máa fi béárì dẹ́rù bà wọ́n?

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún irúnmọlẹ̀ nínú ìwé òyìnbó, ẹ rántí èyí tí wọ́n kọ́ wa níléèwé. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-Ògùn tó ń sọ ìtàn, ó sì sọ ọ́ ní ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ láìtijú. Ewèlè, òrò, Agbákò, gbogbo wọn pé síbẹ̀. Ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde? C.M.S. Ṣọ́ọ̀ṣì ni! Tíṣà iléèwé ìjọ ló kọ ọ́. N kò gbọ́ pé pásítọ̀ kan ní kí a fà á ya rí.

Kíá ni arábìnrin kan dáhùn pé kò rí bákan náà, pé Fágúnwà máa ń wàásù, ó máa ń yin Ọlọ́run, kò sí ibi tó ti ní kí ọmọ kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tí díákónéẹ̀sì mi wí náà ni arábìnrin yìí wí. Èyí tó ṣẹ́ kù ni pé ká jáwọ́ nínú ariwo àjẹ́ àti irúnmọlẹ̀, torí ká ní àjẹ́ ló ń ba ìwé jẹ́ ni, Fágúnwà kì bá ti ríbi tẹ̀wé.

(Ní ti ìwé Fágúnwà ní Àbújá, bàbá, ọmọ mélòó níbí ló lè ka àmì ohùn? Ọmọ tèmi ń ka orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ Gbagyi ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.)

* * *

Ìyá Kubwa tún dé: "Ẹ̀yin ará, ẹ ti dé Kano, ẹ ti dé Amẹ́ríkà, ẹ ti wọ igbó irúnmọlẹ̀. Jímọ̀ ń bọ̀ o!"

Ẹ má bínú, màmá. Ohun tí èmi ì bá ṣe rèé.

N kò ní fa ìwé náà ya. Lórí ọ̀rọ̀ fíìmù, mo máa buwọ́ lù ú. Lórí ti ìwé, mo máa fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "kí a kọ́kọ́ rí ara wa," mo sì máa lọ bá tíṣà. Mo máa bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti ka ìwé náà tán. Mo máa bi í bóyá àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa kà àbí wọ́n máa kà dé ìkẹta, torí ibi tí ìkẹta ń lọ kọjá ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè dá gbé. Àkọ́kọ́ náà, ẹ̀yin ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ kà á. Fíìmù parí nígbà tí Lyra ṣì ń rìnrìn àjò lọ bá bàbá rẹ̀. Ìwé tẹ̀ síwájú, ọ̀rẹ́ tó tìtorí rẹ̀ lọ kú, ikú yẹn sì burú. Àwọn tó ń pariwo Ọlọ́run lórí WhatsApp kò sọ fún yín pé ọmọdé kú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ọmọ kúkú jókòó sí ọ́fíìsì tíṣà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wòran, ṣé ẹ ti ṣe ọmọdé rí? Kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó wá fíìmù yẹn lórí fóònù, láìsí ẹni tó máa bi í pé kí lo rí.

Ti pásítọ̀, ẹ padà lọ bá wọn pẹ̀lú sùúrù. Ẹ sọ fún wọn pé fíìmù lẹ gbà, ìwé lẹ dá dúró. Mo fura pé ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn nìkan ni wọ́n kà, àwọn náà kò wo fíìmù ọ̀hún. Bàbá ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ṣá o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló bí wọn nínú. Wọ́n rí i pé ẹ lọ gba àṣẹ níta lórí ọmọ tí ẹ jọ bí, kẹ́ẹ tó bi wọ́n. Ọkùnrin ni èmi náà.

* * *

Ìyá Kubwa: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ti sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, ó ti rọ̀. Tíṣà ní òun kò tíì ka ìwé kejì pàápàá, wọ́n ti yọ ti ọlidé kúrò. Wọ́n ní òbí tó bá fẹ́ lè wá bá wọn jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n ṣọ́ra fún?"

Ó wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé láti ọjọ́ tí a ti ń jà nípa ẹ̀sìn kò sẹ́ni tó béèrè. PG-13 ni wọ́n kọ sí i lára ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí òbí kíyè sára bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Àwọn béárì méjì máa jìjà oyè, ọ̀kan gbá èkejì lẹ́nu, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ fò yọ kúrò. Àwọn ọmọ tó ń yá a lọ́wọ́ mi máa ń padà wá ròyìn ibẹ̀ fún ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kékeré inú wọn á sì dákẹ́. Fíìmù náà fẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì, ìjà yẹn ti kọjá ìdajì. Bí ẹ bá ti rí ọba béárì lórí ìtẹ́ tó gbé ọmọláńgidi lọ́wọ́, ẹ rán ọmọ yín lọ bu omi wá fún yín.